Orúkọ Fáìlì àti Áàpù Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣí I

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Ní ayé tí a wà yìí, tí ọ̀pọ̀ ìwé ti kúrò lórí tákàdá tí wọ́n sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ó kan àwọn ìwé wa pẹ̀lú. Ìwé inú kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní fáìlì, ní orúkọ tirẹ̀. Bí orúkọ náà kò bá bá ilé mu, ẹni tí kò yẹ ni yóò ṣí i, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì lè parẹ́. Nínú àròkọ yìí mo fẹ́ ṣe àlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ áàpù tí yóò fi fáìlì kan lé lọ́wọ́, àti ohun tí ẹni tí ń ṣe áàpù gbọ́dọ̀ ṣe kí áàpù rẹ̀ lè máa ṣí irú fáìlì tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi kọ ọ́.

Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ìlú wa, ní àgbègbè Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá mọ àgbègbè wa yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Côte d'Ivoire, pàápàá jù lọ ní Abidjan. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a bí síbẹ̀, tí èdè Faransé yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Nítorí náà, bí a bá ń wá ìtàn ìlú wa, apá kan rẹ̀ wà nílé, apá kan sì wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé ní Abidjan jókòó ti àwọn àgbà tí wọ́n ti darúgbó síbẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà, òwò tí wọ́n ṣe, àti oríkì ìdílé tí wọ́n gbé dání. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jẹ́ ojú ìwé 14. Ó fi í sórí fláàṣì, ó sì fi rán ará ìlú kan tí ń bọ̀ wálé. Fláàṣì náà la Ghana kọjá, ó la Togo àti Benin kọjá, ó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn láìfarapa. Ewu kò bá a lọ́nà. Nílé gan-an ni ó ti bá a.

Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan kí a bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà kò ṣí i. Ìbéèrè ni ó bi í pé áàpù wo ni kí òun fi ṣí i. Ọmọkùnrin náà mú Notepad, nítorí pé òun ni ó mọ̀ jù. Ohun tí ó jáde kò jọ Yorùbá, kò jọ Faransé, àmì wúruwùru ni. Ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó pa díẹ̀ rẹ́ nínú rẹ̀ kí ojú ìwé lè mọ́, ó sì tẹ ibi ìfipamọ́. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bàbá kan tí wọ́n ti ń retí ìwé náà láti ọjọ́ pípẹ́ pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwé náà kú ni?"

Mo ní, "Bàbá, ó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin alára."

Wọ́n ní, "Ta ni ó pa á?"

N kò lè fún wọn lésì. Àròkọ yìí ni èsì tí n kò lè fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ni fáìlì?

Kọ̀ǹpútà kò mọ ìtàn, kò mọ oríkì, kò sì mọ àwòrán. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Fáìlì kì í ṣe ohun mìíràn ju nọ́ńbà tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà yìí ni a ń pè ní báìtì. Báìtì kan jẹ́ àmì mẹ́jọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà méjì tí ó lè gbà jáde. Nítorí náà ìrísí 256 ni báìtì lè ní. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa Yorùbá láti lóye, nítorí pé bákan náà ni odù Ifá ṣe jẹ́ 256: ojú àmì mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì.

Nọ́ńbà lásán kò ní ìtumọ̀ títí a ó fi mọ ẹni tí ń kà á. Nọ́ńbà 80 lè jẹ́ lẹ́tà P nínú ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ bí àwọ̀ ti pọ̀ tó nínú àwòrán, ó sì lè jẹ́ ìdá kan nínú ohùn orin. Ẹ jẹ́ kí á rántí àrokò àwọn baba ńlá wa. Bí ẹnìkan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó mọ àrokò yóò mọ̀ pé ẹ̀fà ni, ọkàn ni ó ń fà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ná an lọ́jà. Ẹyọ náà kò yí padà. Ẹni tí ó gbà á ni ó yàtọ̀.

Áàpù ni ẹni tí ń ka àrokò yìí nínú kọ̀ǹpútà. Áàpù kan mọ ọ̀rọ̀ kà, òmíràn mọ àwòrán, òmíràn mọ orin. Láàrin fáìlì àti áàpù ni olùdarí kọ̀ǹpútà wà, bí Windows, Linux tàbí macOS. Olùdarí yìí ni a ń bẹ̀ nígbà tí a bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ ilé tí yóò darí rẹ̀ sí. Ọ̀nà wo ni ó fi ń mọ̀ ọ́n?

Ìrù orúkọ àti àmì inú

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìrù orúkọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní ọdún 1981, orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, kí àmì ìdánudúró kan tẹ̀lé e, kí lẹ́tà mẹ́ta sì kẹ́yìn. Lẹ́tà mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni ó ń sọ irú ẹni tí fáìlì jẹ́. Títí di òní, .txt ni ọ̀rọ̀ lásán, .jpg ni àwòrán, .pdf ni ìwé tí a ti tò tán fún kíkà, .odt sì ni ìwé tí a fi LibreOffice kọ. Orúkọ àpèlé ni ìrù yìí. Ó rọrùn láti fi síni lára, ó sì rọrùn láti bọ́ kúrò.

Àwọn tí ó ṣe Macintosh ní ọdún 1984 gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò fi irú fáìlì sí ara orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi àmì méjì pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin. Àmì kan ń sọ irú fáìlì náà, èkejì ń sọ áàpù tí ó bí i. Ní ọdún 1992 ni Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde fún lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí irú fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, bí text/plain fún ọ̀rọ̀ lásán àti image/jpeg fún àwòrán. Orúkọ wọ̀nyí ni Linux ń lò títí di ìsinsìnyí.

Ọ̀nà kejì ni àmì inú. Ọ̀pọ̀ irú fáìlì ni ó ní ilà lójú, bí àwọn baba wa ti ń kọ ilà kí á lè mọ ibi tí ènìyàn ti wá. Fáìlì PDF a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Àwòrán PNG a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì 137, 80, 78, 71. Fáìlì ZIP, tí a fi ń di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sínú ẹrù kan, a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, èyí tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz, ẹni tí ó gbé PKZIP jáde ní ọdún 1989. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹrù ZIP ni .docx, .xlsx àti .odt pẹ̀lú. Gbogbo wọn ni ó ní PK níwájú. Nítorí èyí, àwọn tí ó ṣe ìlànà OpenDocument, tí àjọ ISO tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 2006, ṣètò pé ohun àkọ́kọ́ nínú ẹrù .odt ni kí ó jẹ́ fáìlì kékeré kan tí a kò dì, tí ó ń sọ gbangba pé application/vnd.oasis.opendocument.text ni òun.

Nígbà tí mo wo fáìlì tí ó bàjẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo rí ní ìlà kìn-ín-ní, lẹ́yìn PK. Fáìlì náà ti ń pe orúkọ ara rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọkùnrin náà ti ṣí i. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Ìdí tí ó fi ṣí ní Abidjan tí kò fi ṣí nílé

Ẹni tí ó kọ ìwé náà ń lo Linux. Nígbà tí ó fẹ́ fi í ránṣẹ́, ó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì yọ .odt kúrò, ó kù Ìtàn Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Linux a máa kọ́kọ́ wo ìrù. Bí kò bá rí ìrù, a wo ilà ojú. Nítorí náà fáìlì náà ń ṣí geere ní Abidjan, oníwèé kò sì mọ̀ pé òun ti bọ́ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Windows ìrù ni ó ń wò. Nígbà tí kò rí ìrù, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó. Báyìí ni ọmọ onílé di àlejò nílé baba rẹ̀.

Ìṣubú kejì ni ìfipamọ́. Notepad ka gbogbo báìtì sí ọ̀rọ̀. Báìtì tí kò bá bá ọ̀rọ̀ mu, a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ibi ìfipamọ́. Ẹrù ZIP sì mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti gùn tó. Bí a bá yọ báìtì díẹ̀ kúrò, gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e yóò kúrò ní àyè wọn. Wíwò lásán kò pa fáìlì náà. Ìfipamọ́ ni ó pa á.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ inú Windows

Láti ìgbà Windows 3.1, ní ọdún 1992, ni Windows ti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan tí a ń pè ní Registry. Nínú rẹ̀ ni áàpù ti ń sọ irú fáìlì tí òun mọ̀. Ìgbésẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní so ìrù mọ́ orúkọ ìdílé: .txt ń tọ́ka sí txtfile. Èkejì so orúkọ ìdílé mọ́ àṣẹ tí a ó pa nígbà tí a bá fẹ́ ṣí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣe áàpù tí ó sọ ní itan, tí ó sì fẹ́ kí ó máa ṣí fáìlì tí ìrù rẹ̀ jẹ́ .itan, àṣẹ náà lè rí báyìí:

"C:\Program Files\Itan\itan.exe" "%1"

Àmì %1 ni àyè tí Windows yóò fi orúkọ fáìlì sí. Bí mo bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, Windows yóò wo ìrù rẹ̀, yóò wá ìdílé rẹ̀, yóò ka àṣẹ, yóò fi orúkọ fáìlì rọ́pò %1, yóò sì jí áàpù náà dìde.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti forúkọ sílẹ̀, ó parí. Áàpù wọn yóò jí dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé òfìfo ni yóò gbé jáde, nítorí pé wọn kò kọ́ ọ láti gba orúkọ tí a fi lé e lọ́wọ́. Bí ìyá bá rán ọmọ pẹ̀lú ẹrù lọ sí agbo ilé kan, kò tó pé kí àwọn ará ilé ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹrù lórí ọmọ. Nígbà tí áàpù bá bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wò bóyá a fi orúkọ fáìlì kan ránṣẹ́ sí òun. Bí ó bá rí i, kí ó ṣí i. Bí kò bá rí i, ìgbà náà ni kí ó gbé ojú ìwé tuntun jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí àmì àyọlò tí ó wà ní ìhà méjèèjì %1. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, Ìtàn Ifẹ̀-Ọ̀dàn.itan yóò pín sí méjì níbi tí àlàfo wà. Áàpù yóò máa wá fáìlì kan tí ń jẹ́ Ìtàn, kò sì ní rí i. Àmì ohùn wa pẹ̀lú ní ọ̀ràn tirẹ̀. A lè fi ọ̀ pamọ́ bí lẹ́tà ọ kan pẹ̀lú àmì ohùn kan, a sì lè fi í pamọ́ bí o, àmì ìsàlẹ̀, àti àmì ohùn, tí ó di mẹ́ta. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí orúkọ méjì bí a kò bá kọ́ ọ. Áàpù tí a kò bá fi orúkọ Yorùbá dán wò, a kò tíì dán an wò fún Yorùbá.

Ní Linux àti macOS

Ní Linux, áàpù ní ìwé kékeré kan tí ìrù orúkọ rẹ̀ jẹ́ .desktop. Ìlà kan nínú rẹ̀, MimeType=, ń to irú fáìlì tí áàpù mọ̀. Ìlà mìíràn, Exec=, ń sọ àṣẹ tí a ó pa, bí Exec=itan %f, níbi tí %f ti dúró fún fáìlì kan; bí áàpù bá lè gba ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, %F ni a ń lò. Bí irú fáìlì náà bá jẹ́ tuntun, a gbọ́dọ̀ kọ ìwé mìíràn tí yóò sọ orúkọ MIME rẹ̀, ìrù rẹ̀, àti ilà ojú rẹ̀ bí ó bá ní i. Àyànfẹ́ oníkọ̀ǹpútà wà nínú fáìlì tí ń jẹ́ mimeapps.list.

Ní macOS, inú ìwé tí ń jẹ́ Info.plist ni áàpù ti ń sọ irú fáìlì tí ó mọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: áàpù gbọ́dọ̀ sọ bóyá òun lè tún fáìlì kọ, tàbí òǹwòran lásán ni òun. Ìyàtọ̀ yìí ni ìbá gba ìwé wa là ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kí á rántí pẹ̀lú pé ní macOS, a kì í fi orúkọ fáìlì sí ara àṣẹ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ni olùdarí ń rán sí áàpù, áàpù sì gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn?

Ìgbà kan wà tí áàpù kan bá wọ inú kọ̀ǹpútà, tí ó máa ń já gbogbo fáìlì gbà fún ara rẹ̀ láìtọrọ àyè. Láti Windows 8, ní ọdún 2012, ni Windows ti fi ọ̀ràn náà lé oníkọ̀ǹpútà lọ́wọ́: áàpù lè sọ pé òun mọ iṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà ni yóò yàn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti yàn gba ìmọ̀. Ọmọkùnrin tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́, a bi í léèrè, ó sì yàn. A kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi yàn.

Aláìmọ̀kan lè ba ju ìwé kan lọ jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà kan jáde láti ilẹ̀ Philippines, ó sì tàn ká ayé láàrin wákàtí díẹ̀. Orí lẹ́tà náà ni ILOVEYOU, fáìlì tí ó gbé dání sì ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows a máa fi ìrù orúkọ pamọ́ bí a kò bá sọ fún un pé kí ó fi hàn; nítorí náà .TXT ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n .vbs ni ìrù rẹ̀ gan-an, èyí tí í ṣe àkójọ àṣẹ. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, "ṣí i" fún .txt túmọ̀ sí "kà á". "Ṣí i" fún.vbs túmọ̀ sí "ṣe ohun tí ó wí". Ó ba àwòrán àwọn ènìyàn jẹ́, ó sì fi ẹ̀dà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìrù ìkẹyìn ni ìrù kò ní tẹ̀ ẹ́.

Fún ẹni tí yóò ṣe áàpù Yorùbá

Ní ọdún 2013 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀. Ó fi han àwọn ọmọ wa pé ìwé lè wà láìní ewé. Àkókò tó nígbà náà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ṣe áàpù tiwọn fún ìtàn, oríkì àti àlọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó fi ohun mẹ́rin sọ́kàn.

Èkíní, kí áàpù má ṣe sọ pé òun mọ irú fáìlì tí kò mọ̀. Kí ó wo ilà ojú kí ó tó gbà á, bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè tí ó yéni, kí ó má sì fọwọ́ kan fáìlì náà.

Èkejì, bí a bá fẹ́ ìrù tuntun, kí á má ṣe gba ìrù onírù. Kí á wádìí kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, kí á sì fi ilà sí i lójú pẹ̀lú, nítorí pé ìrù lè bọ́ sọnù lọ́nà, ilà kì í bọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ UTF-8, kí áàpù sì kà á bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà yìí báìtì mẹ́ta ni ẹ gbà, àmì ohùn orí rẹ̀ sì gba méjì sí i. Áàpù tí ó bá fi ìlànà àtijọ́ ti Windows kà á yóò gbé áº¹ jáde dípò ẹ.

Ẹ̀kẹrin, kí á ṣe fáìlì náà lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi lè kà á nígbà tí áàpù wa bá ti kógbá sílé. Ọ̀rọ̀ lásán tí a dì sínú ẹrù ZIP sàn ju àṣírí tí ẹnìkan ṣoṣo mọ̀ lọ. Áàpù ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ìtàn ni olówó rẹ̀.

Fún olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ àti gbogbo wa

Kí á sọ fún Windows kí ó máa fi ìrù orúkọ hàn, kí á má sì ṣe bọ́ ìrù kúrò lára fáìlì tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Bí fáìlì kan bá kọ̀ tí kò ṣí, kí á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹ̀dà ni a ó máa dán wò. Bí a bá rí àmì wúruwùru, kí á pa áàpù náà dé láìfi nǹkan pamọ́. Kí á wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí a bá rí PK, ẹrù ZIP ni, bí a bá rí %PDF, a ti mọ ẹbí rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá bi wá bóyá áàpù kan ni kí òun máa lò nígbà gbogbo, kí á má ṣe gbà títí a ó fi rí i pé fáìlì ṣí dáadáa. Kí ẹni tí ó bá ń fi ìwé pàtàkì ránṣẹ́ fi PDF rẹ̀ sí i fún kíkà, kí ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ sì wà lọ́wọ́ òun alára.

Ohun ìkẹyìn yìí ni ó dùn wá jù ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nígbà tí a ké sí ẹni tí ó wà ní Abidjan, a gbọ́ pé kò ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí fláàṣì. Ńṣe ni ó gbé e kúrò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pátápátá. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tí ó kọ́kọ́ kọ, ojú ìwé 9. Ojú ìwé 5 tí ó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan, oríkì ìdílé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ó padà lọ bá wọn, ìyá náà ti wàjà.

Mo ti ka ojú ìwé 9 náà fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo parí, wọ́n tún bi mí léèrè ẹni tí ó pa èyí tí ó kù. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹnìkan. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ bọ́ orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á kò mọ ilà ojú rẹ̀, èmi tí mo kàwé kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dára. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn."